Fílítà Ìjì àti Òróró Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìtàn dé ìdajì kẹ́ ẹ tó fò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán, pàápàá bí mọ́tò tẹ́ ẹ ń wà kì í bá ṣe tiyín.

1.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìjì, nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Mọ́tò bàbá rẹ̀ ló ń wà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀, orúnkún sì ń dùn ún, ló bá kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun kan wà tí bàbá náà kì í fi ṣeré: fílítà, ìyẹn asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Oníbébà ló ń lò, irú èyí tó bá mọ́tò wá. Bó bá ti dọ̀tí, á yọ ọ́ dànù, á fi tuntun sí i. Ìgbà gbogbo ni tuntun kan máa ń wà nínú páálí lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Bàámi, bébà lásán!" ni Ìjì máa ń wí. "Aláṣọ làwọn ẹgbẹ́ mi ń lò báyìí. Tó bá dọ̀tí, wọ́n á kàn fọ̀ ọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì á sì máa bú ramúramù bíi kìnnìún."

"Ṣé kìnnìún lo fẹ́ wà ni àbí mọ́tò?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Tó o bá ra aláṣọ, kò burú. Ṣáà ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀."

2.
Ìjì ra aláṣọ. Kò ka nǹkan kan. Ó ti páálí náà sábẹ́ ibùsùn, ó sì sọ fílítà bébà tuntun tó wà lábẹ́ ìjókòó sórí ààtàn. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Bí Ìjì bá ti fẹ́ kọjá níwájú ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á yí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀ kó lè gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa.

3.
Nígbà tí fílítà náà dọ̀tí, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì sá a sórí okùn láàárín aṣọ iléèwé àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ìró ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé wọ́n máa ń fi epo pa á lẹ́yìn tó bá gbẹ. Epo tí wọ́n ṣe fún un wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ṣe Ìjì lọ́lẹ láti jáde.

"Ṣé gbogbo epo kọ́ ló ń yọ̀ ni?" ló wí. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé òróró ìyá rẹ̀, ó sì dà á sórí fílítà títí tó fi ń kán tótó, ó wá dá a padà sínú mọ́tò.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ gbé ìgò náà sún mọ́ ojú. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, kò ríran dáadáa mọ́. Ó mi ìgò náà.

"Ta ló da òróró mi?"

Ìjì wo ilẹ̀. "Ẹ bi àbúrò mi. Òun ló wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn."

"Èmi kẹ̀? Màámi, mi ò fọwọ́ kàn án o!"

"Panu mọ́!" ni ìyá wọn jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ náà lo máa ń da nǹkan nù nílé yìí."

Ọmọ náà sunkún wọ yàrá. Ìjì rí àmì ìka olóròóró tó wà lára ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ti ara rẹ̀ ni. Ó fi ìgùnpá nù ún.

4.
Ilé ìwòsàn wá pe ìyá náà fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ náà. Dókítà ojú kì í gbé ìlú wọn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wá, ẹni tí kò bá sì tètè dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ìjì ló gbé e. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ọkọ mi, kí ló dé?"

"Bẹntiróò ni, Màámi. Bẹntiróò ayé ìsinsìnyí ò dáa."

Mọ́tò kú. Mẹkáníìkì kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wá ṣí ibi tí fílítà wà. Ó fa imú. "Ọ̀gá, ṣé ẹ́ńjìnnì lẹ gbé síbí ni àbí agbada?" Ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ hàn án: òróró ti bò ó mọ́lẹ̀. "Màá nu èyí. Ẹ bá mi mú fílítà míì tó bá mọ́tò yìí mu wá."

Ìjì na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eruku, àti ojú ibi tí páálí ti máa ń wà, tí eruku kò dé.

Ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan fílítà náà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Òróró mi rèé," ló wí.

Mẹkáníìkì bojú wẹ̀yìn. Ìjì fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé etí títì. Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ máa bínú, Mà. Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn wọlé. Ó di ìgbà tí dókítà bá tún wá."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Wọn ò tíì sọ fún wa, Mà."

5.
Nígbà tí wọ́n délé, ọmọbìnrin náà sáré wá mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá náà fọwọ́ wá ojú rẹ̀ kàn. "Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ojú mi ò ríran, mo tún lọ jẹ́ kí etí mi gba irọ́."

Bàbá wọn kò pariwo. Ó ní kí Ìjì lọ mú páálí fílítà aláṣọ náà wá.

"Kà á sókè. Ká jọ gbọ́."

Ìjì kà á lórí ìdúró níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi epo mìíràn pa á, ó fẹ́ yára kà á kọjá. Bàbá rẹ̀ ní kó tún ibẹ̀ kà.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ògiri ni ìyá náà ṣì ń fọwọ́ wá kó tó dé ilé ìdáná.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ lo oníbébà, ẹ lo aláṣọ, èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ìtọ́jú ohun tẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó sọ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ nù. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ má gbé e lé orí ọmọ tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.