Ẹnjiníà Okùn-Wo

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sá lọ o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹ́ ẹnjiníà nígbà tí ẹ kò tíì ṣe ìdánwò àṣekágbá.

1.

Ọmọkùnrin kan wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ kí ó má baà dojú dé, ni wọ́n ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n akoto funfun tí wọ́n fún wọn ló wọ̀ ọ́ lójú ju iṣẹ́ náà lọ. Ó ń dé e lọ jẹun, ó ń dé e lọ kí ọ̀rẹ́bìnrin, bóyá ó tún ń dé e sùn, èmi ò mọ̀. "Ẹnjiníà" ló ní kí wọ́n máa pe òun. Bí ẹ bá pè é lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò ní dá yín lóhùn.

Bàbá náà sì rèé, ogójì ọdún ló ti fi ń kan ọkọ̀ èrò, ìkankan kò dojú dé rí. Kò kàwé. Nígbà tí ó ń kan èyí tí yóò fi kádìí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò máa jẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀wé. Wá bá mi wò ó."

"Bàbá, ọkọ̀ yín ti pẹlẹbẹ jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́ òkè lé e, káyé lè rí i."

"Orí rẹ̀ ò ní wúwo jù?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ta ni ẹnjiníà?"

Bàbá gbà. Ọmọ rẹ̀ ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

2.

Wọ́n kọ́ òkè náà tán, ó wá ku kí wọ́n dán ọkọ̀ náà wò lórí omi. Wọ́n á gbé irin wúwo láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, wọ́n á sì wo òwú gígùn kan tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí. Bí òwú bá rìn jìnnà, ọkọ̀ kò dúró re. Bí ó bá rìn díẹ̀, ó dúró re. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ kọ́ wọn, ẹ̀yìn kíláàsì ni Ẹnjiníà jókòó sí, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju fọ́ọ̀mù ìdánwò náà tó dà kọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ.

Ó wọ bàtà funfun wá síbi iṣẹ́. Wẹ́dà tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ wo okùn mẹ́rin tó so ọkọ̀ náà mọ́ èbúté típẹ́típẹ́.

"Ẹnjiníà, a ò ní tú okùn wọ̀nyí ná? Ọkọ̀ tá a dè báyìí, ibo ló fẹ́ yí sí?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Máa jó irin rẹ lọ."

"Ìwọ" o! Ó ń sọ ọ́ sí ẹni tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Wọ́n gbé irin lọ, wọ́n gbé e bọ̀. Òwú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Inú Ẹnjiníà dùn débi pé ó fò sókè. "Bàbá, ọkọ̀ yín dúró bí ilé!" Ó fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ̀ náà dúró re. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kí ó tó gbà á, ó sì fi kọ́ sí yàrá awakọ̀.

3.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa kọ́kọ́ rìn, Ẹnjiníà kó ọmọ kíláàsì mọ́kànlá gun òkè. Bàbá di ìtọ́kọ̀ mú. Wọ́n tú okùn, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Wẹ́dà ń pariwo létí omi. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀!"

Ẹnjiníà kò tilẹ̀ wò ó. "Gbogbo yín, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibí, ká ya fọ́tò!"

Wọ́n bọ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ náà bá wọn lọ síbẹ̀, kò sì padà. Wọ́n yọ gbogbo wọn láàyè, nítorí wọn kò tíì jìnnà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ ti wó lu apá ọ̀tún bàbá, apá tó fi ń kan ọkọ̀. Akoto funfun ń léfòó lórí omi. Òun nìkan ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

4.

Olùkọ́ pe bàbá àti ọmọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá jókòó, wọ́n fi aṣọ gbé apá kọ́ ọ lọ́rùn. Olùkọ́ yẹ ẹ̀dà ìwé ìdánwò náà wò nínú fáìlì.

"Òwú yìí kò rìn. Okùn ńkọ́?"

"Okùn wo, sà?"

Olùkọ́ rọra pa fáìlì dé. Bàbá ló sọ̀rọ̀.

"Okùn tí mo fọwọ́ ara mi so. Ó ṣe mí bíi kí n tú u. Ìwé rẹ ni mo gbà gbọ́."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn, ó lọ. Kò kan ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lónìí, "Okùn-Wo" ni gbogbo ọgbà ilé ìwé ń pe Ẹnjiníà. Ó ń bẹ̀ wọ́n báyìí pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe òun lórúkọ tí bàbá òun sọ òun. Ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ náà mọ́.

Ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ oyè ju iṣẹ́ lọ, ẹlòmíràn ló máa fara gbá a fún yín, ẹni tó sì fọkàn tán yín jù lọ ni. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bèèrè. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹnjiníà àpọ́nlé tí ẹ mọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n bi ara wọn léèrè: okùn ńkọ́?