Àtúntẹ̀ Kẹrin

Nígbà tí àtúntẹ̀ kẹrin dé, Bàbá Alágogo ni Alájáàsì kọ́kọ́ rántí. Ó pe ọmọ bàbá lórí fóònù, ó ní kó bá òun sọ fún un pé àwo tó ń wá ti wọlé. Kò lè pe bàbá fúnra rẹ̀, nítorí etí bàbá kì í gbọ́ fóònù mọ́.

Alájáàsì làwọn èèyàn ń pe ọkùnrin náà nítorí pé orin jáàsì nìkan ló ń tà. Àwo ńláńlá dúdú ni gbogbo rẹ̀, ó tò wọ́n sínú àpótí pákó láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ àtúntẹ̀, orin àtijọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ sórí àwo tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èyíkéyìí kó tó rà á, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ giramafóònù. Àga yẹn ni Bàbá Alágogo ti ń jókòó sí láti nǹkan bí ọdún méjì.

Aago ọwọ́ àti aago ògiri ni bàbá fi ogójì ọdún tún ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún wá dín kù sí i nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí. Àwo kan ṣoṣo ló ń wá. Inú gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ níwájú èrò, bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìlà kejì ló jókòó sí. Ó ní àkọ́tẹ̀ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e wá, Alájáàsì rí i pé gbogbo ara àwo náà ṣì ń dán, àfi ìparí ojú kejì. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ti jẹ ibẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé ariwo bí epo tó ń hó nìkan ló ń jáde níbẹ̀.

Ọjọ́ náà ni bàbá sọ fún un pé dókítà ní etí òun méjèèjì ń kú lọ, pé kò ní ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó dí pátápátá. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìparí àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dọjọ́ yẹn. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àtúntẹ̀ kìíní ti gé ìparí rẹ̀ dànù kí orin lè gba ojú àwo. Ti ìkejì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì parẹ́ kí ẹni tó ń fọn fèrè tó parí. Ìkẹta pé, ṣùgbọ́n téèpù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n dà á kọ láti inú rẹ̀. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, etí bàbá kò sì mú un. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, bàbá á di ojú, á tẹ̀ síwájú, á gbé etí ọ̀tún sún mọ́ sípíkà. Bí orin bá ti tán, á dìde, á ní ẹ̀mí ló jù, kí wọ́n ṣì máa wá a. Ọ̀rọ̀ náà ká Alájáàsì lára gan-an.

Gbogbo ẹni tó mọ àwo náà ló mọ àbùkù tó ní. Ní ìparí pátápátá, níbi tí fèrè ti lọ sílẹ̀ tó ku ohùn kan tín-ín-rín, obìnrin kan nínú èrò bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà, oníbàárà kan tó máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, kò lè dárí jì í. Ó ní ẹnu obìnrin náà kò ní ìlẹ̀kùn, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé rẹ̀ kó máa rín ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó tún sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Alágogo wà lórí àga. Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí náà bàbá gbọ́. Àwọn oníbàárà tó kù rẹ́rìn-ín. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní òun ń lọ sílé.

Alájáàsì kò gba kámú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan kéde pé àwọn ti rí ojúlówó téèpù tí wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀, pé kí àwọn tó ń ta àwo sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó tó di pé àwọn tún un tẹ̀, ó kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní bàbá àgbà kan wà tí etí rẹ̀ fẹ́ dí, kí wọ́n jọ̀ọ́ má gé ìparí rẹ̀, kí wọ́n sì bá òun fọ ariwo inú rẹ̀ kúrò. Tíṣà àti àwọn oníbàárà mọ́kànlá mìíràn fọwọ́ sí i. Wọn ò jẹ́ kí bàbá mọ̀, wọ́n fẹ́ fi dá a lára yá.

Bàbá dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí àtúntẹ̀ kẹrin wọlé. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ kóòtù kan tí Alájáàsì kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Tíṣà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé ilé àna ni bàbá ń lọ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó.

Alájáàsì gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kejì, ó yí ohùn rẹ̀ sókè. Bàbá di ojú, ó tẹ̀ síwájú. Fèrè ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó ku ohùn tín-ín-rín yẹn, ó sì mọ́ kedere. Ìpàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e.

Bàbá kò dìde. Ó bẹ Alájáàsì pé kó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìparí náà, ó sì dá a padà. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti lé sójú bàbá.

“Ọmọ mi,” ó ní, “mo gbọ́ fèrè. Mo gbọ́ ìpàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni mi ò gbọ́. Àbí etí mi ti dí ni?”

Inú Alájáàsì dùn pé ìròyìn ayọ̀ lòun ní fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ ọ́ dáadáa.

“Etí yín ò ṣe nǹkan kan, bàbá. Àwa la ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́ títí kan inú téèpù gan-an. Kò lè yọ yín lẹ́nu mọ́.”

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Bàbá wo àwo tó ń yí lọ, ó na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀.

“Ìyàwó mi ni,” ó ní. “Èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín.”