Àgbàdo Tó Ti Gbẹ Ni Rambu Ń Sá

Ẹ gbọ́, àgbàdo tó ti gbẹ háúháú ni Rambu Kahi ń sá sórí òkúta ńlá iwájú ilé.

Umbu Ndilu, aládùúgbò ẹ̀, ń rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ṣé o fẹ́ fi oòrùn dín in ni?"

Rambu ń tẹ́ àgbàdo ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń bọ̀ láti Jakarta. Tí Rambu ò bá tà á, ọmọ ẹ̀ ò ní rí iṣẹ́ abẹ ṣe.

Ọ̀gá náà, Pak Gunadi, dé. Ó wo ilẹ̀ náà yí ká, ó gbá àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó sórí òkúta.

Rambu sáré ń tẹ́ àgbàdo náà padà.

Gunadi ní: "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, àgbàdo ò ní sá lọ! Ilẹ̀ màmá yín nìyí, àbí? Ṣé wọ́n fọwọ́ sí i?"

"Wọn ò bá mi jiyàn, Pak."

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ará erékùṣù Sumba yìí kì í ta ilẹ̀ tí sàréè bá wà níbẹ̀. Ṣé kò sí níbí?"

Rambu ní: "Kò sí o."

Wọ́n bọ ọwọ́.

Rambu ò lè wo òkúta yẹn. Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n sin màmá ẹ̀ sí.

Òun fúnra ẹ̀ ló da àgbàdo bo orúkọ wọn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà láàárọ̀.