Ẹrù Ọba Íjíbítì

"Láyí, ṣé gbogbo ẹrù yìí ni wọ́n sin mọ́ ọba?"

Ìyá arúgbó náà tẹjú mọ́ òkú ọba Íjíbítì nínú gíláàsì. Láyí, ọmọ rẹ̀, túmọ̀ èsì amọ̀nà mùsíọ́mù fún un.

"Bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, títí kan oúnjẹ, Mọ́mì. Kó má baà padà wá da ará ilé láàmú."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ gbìyànjú o."

Nígbà tí wọ́n padà dé Barking ní Lọ́ńdọ̀nù, Láyí ò yà sí Rippleside tí wọ́n ń gbé. Iwájú ilé ìtọ́jú arúgbó ló páàkì sí, kò sì bọ́ọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú Ìyá wọ yàrá kan. Ó bá àga rẹ̀ níbẹ̀, fọ́tò ọkọ rẹ̀, sùtánà tirẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀, àti kúlà kan.

Ó ṣí i. Ìrẹsì tí ìyàwó Láyí sè ṣì gbóná fẹlifẹli.