Búrékì tí Múfútáù Kò Tẹ̀

"Mo tẹ búrékì débi pé òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ já lulẹ̀!"

Múfútáù awakọ̀, tí ẹnu rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ, ló ń fọ́nnu fún Baba Lásún, ọlọ́dẹ ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ jàǹbá sí. Ọkọ̀ rẹ̀ rèé nínú òkùnkùn, ìjókòó ẹ̀yìn ni Àlàkẹ́, èrò tó gbé, kú sí nínú jàǹbá náà.

"Àpótí kékeré abẹ́ ìjókòó ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó tẹ búrékì," ni baba wí. "Lọ́la ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Oorun ló ń kun Múfútáù lọ́jọ́ jàǹbá náà.

"Mo tẹ̀ ẹ́, baba!"

Bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ró kà.

"Mo búra!"

Ọkọ̀ tí kò ní bátìrì, iná búrékì rẹ̀ tàn yòò.

"Ẹnìkan ń bá ọ tẹ̀ ẹ́," ni baba rọra wí.

Ojú ti Múfútáù. Ó sá lọ, ó fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí kò fi tẹ búrékì, sílẹ̀.