Ọwọ́ Tí Ń Búra Fún Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ló ń fẹ̀sùn kan èèyàn ní kóòtù báyìí, ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́ tí yóò gbé lé Bíbélì. Iṣẹ́ tó kù fún Fọlárànmí, agbẹjọ́rò ìjọba, nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Ìwé Mímọ́, ó ń fi tòsì jẹ àkàrà, ó sì búra pé Ìyá Bọ́látitó jí màlúù. Ìbúra náà parí ẹjọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

“Ọmọ mi, ṣé o ka ẹjọ́ mi?” ni ìyá bi í.

“Ẹ̀rọ ti kà á, Màmá.”

“Ìwọ tí o fi Ọlọ́run búra, kí lorúkọ mi?”

Fọlárànmí yọjú wo ẹ̀rọ, ó sì ka orúkọ ẹni tó kàn jáde: “Làmídì Àkànó.”

Bí wọ́n ti ń mú ìyá lọ, ó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé Pílátù tilẹ̀ bu omi fọ ọwọ́ tirẹ̀.