Ìkíni Bàbá Wúràọlá ní Kóòtù

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ni. Kóòtù ìbílẹ̀ Ìlá kún fọ́fọ́.

Eré àsápajúdé dẹ́rẹ́bà ló mú Bàbá Wúràọlá já bọ́ látorí bọ́lẹ̀kájà, tó forí sọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹjọ́: iyè àbúrò òun ti rá, kí dẹ́rẹ́bà sanwó ìtọ́jú.

Dẹ́rẹ́bà ń rẹ́rìn-ín. "Olúwa mi, ẹ jẹ́ kó kí yín ná."

Bàbá Wúràọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó kí adájọ́, ó kí akọ̀wé, ó kí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé wèrè ń kíni báyìí?" ni dẹ́rẹ́bà wí. "Ìyàwó mi gan-an kì í kí mi tó bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ti ń pa ìwé rẹ̀ dé.

Ni Bàbá Wúràọlá bá rí mi láàárín àwọn obìnrin. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá wa. Ilé ńkọ́? Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ẹ ò rí ọmọlúàbí!" ni adájọ́ wí. "Ìwọ obìnrin yìí, dá a lóhùn. Kí lo jẹ́ sí i?"

"Olúwa mi, èmi ni mo bí Wúràọlá fún un."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu dẹ́rẹ́bà.

Bàbá Wúràọlá ṣì wà nílẹ̀, ó ń retí kí n sọ bí ọkọ mi ṣe wà.